Ẹranko abìyẹ́ inú ìwé àwọn ìbejì: ṣé dáínásọ̀ ni, àbí bàbá ńlá àdán?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjà ọmọ ni mo gbé tọ̀ yín wá. Bàbá wọn ra ìwé àwòrán dáínásọ̀ fún àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n. Ẹranko kan wà nínú rẹ̀ tí apá rẹ̀ jẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti àdán, àgógó ẹnu rẹ̀ gùn, ogbe wà lórí rẹ̀. Ìwé yẹn pè é ní dáínásọ̀ tó ń fò. Táíwò ní bí ìwé ṣe wí ló rí. Kẹ́hìndé ní rárá o, olùkọ́ àwọn ní kì í ṣe dáínásọ̀, pé adìẹ tí à ń sè lọ́jọ́ ìsinmi gan-an ni dáínásọ̀. Èmi tí mo bí wọn, bàbá ńlá àdán ni mo rò pé ó jẹ́. Ìwé tún ní òmíràn nínú wọn ga tó àgùnfọn, ó sì ń fò. Ìyẹn ò wọ̀ mí létí rárá. Ẹnì kan sì ti fi fídíò ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp pé wọ́n ṣì ń rí i nínú igbó Kóńgò. Kí ni kí n sọ fún àwọn ọmọ yìí? Mi ò fẹ́ kọ́ wọn ní irọ́."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Ọlọ́run á bá yín wò wọ́n. Ohun tó ń kọ yín lóminú yẹn tọ́ kó kọ yín lóminú, nítorí ohun tí ọmọdé bá kọ́kọ́ gbọ́ ló máa ń pẹ́ jù lọ́kàn rẹ̀. Olùkọ́ Kẹ́hìndé ló sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Tẹ́rósọ̀ ni wọ́n ń pe ẹranko inú ìwé yẹn. Kì í ṣe dáínásọ̀, kì í ṣe ẹyẹ, kò sì bí àdán. Ìdílé tirẹ̀ dá dúró. Ó wà láyé ní gbogbo ìgbà tí àwọn dáínásọ̀ fi ń rìn kiri, láti nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 220 sẹ́yìn títí di mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn, wọ́n jọ gbé ayé kan náà ni.

Ibi tí gbogbo yín ti ṣìnà, àti ìwé náà pẹ̀lú, ni pé apá lẹ fi ń wá ìdílé. Ohun tó bá ti lè fò, ojú wa á fà á mọ́ ohun mìíràn tó ń fò. Apá kì í sì í sọ ọmọ ẹni tí ẹ̀dá jẹ́. Nínú gbogbo ẹranko tó ní eegun ẹ̀yìn, ìdílé mẹ́ta péré ló mọ fífò gidi, ìyẹn ni kí wọ́n fi apá lu afẹ́fẹ́ títí wọn á fi gbéra. Tẹ́rósọ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ẹyẹ tẹ̀lé e, àdán ló kẹ́yìn. Kò sí èyí tó kọ́ ọ lọ́wọ́ èkejì nínú wọn. Kòkòrò ló ṣáájú gbogbo wọn: ìbátan lámilámi kan tó ń jẹ́ Meganeura, apá rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 65, ó sì ti ń fò ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 300 sẹ́yìn, nígbà tí dáínásọ̀ kankan kò tíì sí láyé.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ fà á mọ́ àdán o. Ní 1784, Cosimo Alessandro Collini, ará Ítálì tó ń tọ́jú àkójọ ohun àdáyébá fún ìjòyè ìlú Mannheim ní Jámánì, tẹ àwòrán ẹranko kan jáde tí wọ́n rí nínú òkúta ẹfun ilẹ̀ Bavaria. Ẹranko kékeré ni. Ọrùn rẹ̀ gùn, àgógó ẹnu rẹ̀ gùn, eyín wẹ́wẹ́ tò sí i lẹ́nu, ìka kan lọ́wọ́ rẹ̀ sì nà jáde lọ rẹrẹẹrẹ ju àwọn ìka yòókù lọ. Collini wò ó títí, ó rò pé ó lè jẹ́ ẹ̀dá inú òkun. Ní 1801, Georges Cuvier ní Paris wo àwòrán yẹn, ó ní ẹranko afàyàfà ni, pé ìka gígùn yẹn ló na awọ apá rẹ̀. Síbẹ̀, ní 1812, ọ̀mọ̀wé Jámánì kan, Samuel Thomas von Sömmerring, takú pé ẹran afọ́mọlọ́mú bíi àdán ni. Cuvier àti Sömmerring jẹ́ ọ̀jáfáfá nínú ìmọ̀ eegun lásìkò wọn. Ọ̀rọ̀ àjàò ni, kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn onímọ̀ tó fohùn ṣọ̀kan pé Cuvier ló tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ náà dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ẹjọ́ yìí ti parí. Ẹ na ọwọ́ tiyín sílẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ ka ìka láti ọ̀dọ̀ àtàǹpàkò títí dé ìkẹrin, èyí tí à ń fi òrùka sí. Ẹ rò ó pé ìkẹrin yẹn gùn, ó gùn, ó gùn ju ara yín gan-an lọ, eegun rẹ̀ sì le, ó ki. Awọ bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó rẹ̀, ó sì nà wá sí ẹ̀gbẹ́ ara títí dé ẹsẹ̀. Ìka mẹ́ta àkọ́kọ́ kò gùn, èékánná mímú wà lórí wọn, wọn ò sì sí nínú awọ náà. Ìka karùn-ún kò sí rárá. Ní ọrùn-ọwọ́, eegun tín-ín-rín kan wà tó kọjú sí èjìká, tó ń na awọ kékeré kan síwájú apá. Kò sí ẹ̀dá mìíràn tó ní irú eegun yìí. Awọ apá náà kì í sì í ṣe awọ lásán, okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kún inú rẹ̀, kò jẹ́ kí atẹ́gùn máa gbọ̀n ọ́n pátápátá bí aṣọ tí a sá. Bí tẹ́rósọ̀ ṣe ṣe apá nìyẹn.

Ti àdán yàtọ̀ pátápátá. Àtàǹpàkò rẹ̀ nìkan ló dá wà lóde pẹ̀lú èékánná, tó fi máa ń fà mọ́ igi. Ìka mẹ́rin yòókù ló wà nínú awọ, tí wọ́n sì tẹ́ ẹ. Àdán ń bímọ, ó ń fún un lọ́mú. Tẹ́rósọ̀ ń yé ẹyin ni: ní 2017, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà kéde pé àwọn rí ẹyin tó lé ní igba níbì kan ṣoṣo ní agbègbè Hami, ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè wọn, àwọn kan nínú wọn sì ní ọlẹ̀ nínú. Àkókò pàápàá kò bára mu. Àdán tó pé pérépéré tó pẹ́ jù tí a ní, ní Wyoming ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí i, ó sì ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 52. Nígbà yẹn, tẹ́rósọ̀ tó kẹ́yìn ti kú ní mílíọ̀nù ọdún 14 ṣáájú. Ẹ gbé èrò bàbá ńlá àdán yẹn sílẹ̀ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ adìẹ ló máa ń dùn mọ́ àwọn ọmọdé jù nígbà tí mo bá ń kọ́ wọn, nítorí ọwọ́ wọn lè kàn án. Tí ẹ bá se adìẹ odindi lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó eegun rẹ̀ dà nù. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a gbẹ. Ẹ mú ìpẹ̀kun apá rẹ̀ fún Kẹ́hìndé, kó wá ìka níbẹ̀. Á rí ìka kékeré kan tó yọ síta níwájú, àtàǹpàkò rẹ̀ nìyẹn, á sì rí méjì mìíràn tó ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Mẹ́ta péré, kò sí èyí tó gùn bí i ti tẹ́rósọ̀, nítorí ìyẹ́ ló ń gbé adìẹ, kì í ṣe awọ. Ẹ wá mú eegun ìbàdí fún Táíwò. Kó fa itan yọ, kó wo ibi tí orí eegun itan ti jókòó. Á rí i pé ihò náà lu já sí òdìkejì. Ihò tó lu já yìí wà ní ìbàdí dáínásọ̀ tó pọ̀ jù lọ, òun ló bá ẹsẹ̀ wọn mu tó fi dúró ṣánṣán lábẹ́ ara, tí kò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti alángbá. Ìbàdí tẹ́rósọ̀ ní tirẹ̀ ní ìdí, kò lu já. Eegun tó ya sí méjì bí ẹ̀ka igi láyà adìẹ yẹn náà, Tyrannosaurus ní in.

Nítorí náà, tí olùkọ́ bá sọ pé dáínásọ̀ ni adìẹ, kì í ṣe àsọdùn. Láti inú ìdílé àwọn dáínásọ̀ kéékèèké tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, tó ń pa ẹran jẹ, ni ẹyẹ ti jáde wá. Archaeopteryx, ẹyẹ àtijọ́ kan tí wọ́n rí ní 1861 nínú irú òkúta ẹfun kan náà ní Bavaria, ní ìyẹ́ apá tó pé, ó sì tún ní eyín lẹ́nu, èékánná lọ́wọ́ àti ìrù eegun gígùn. Ó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 150. Ibi tí Táíwò kò ti jẹ̀bi tán nìyí. Dáínásọ̀ tó ń fò wà lóòótọ́, ẹyẹlé orí òrùlé yín ọ̀kan nínú wọn ni. Òmíràn wà láyé àtijọ́ tó ya èèyàn lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Microraptor, tí wọ́n kéde ọ̀kan rẹ̀ ní Ṣáínà ní 2003, ní ìyẹ́ gígùn lápá, ó tún ní in lẹ́sẹ̀, bí ẹni ní apá mẹ́rin. Ní 2015, wọ́n tún kéde Yi qi, dáínásọ̀ gidi, tí apá rẹ̀ jẹ́ awọ bíi ti àdán. Ká ní apá ni a fi ń mọ ìdílé ni, Yi qi ì bá ti da gbogbo wa láàmú.

Tẹ́rósọ̀ àti dáínásọ̀ kì í ṣe àjèjì sí ara wọn o. Ọmọ ìyá àgbà kan ni wọ́n, wọ́n sún mọ́ ara wọn ju bí ọ̀kankan nínú wọn ṣe sún mọ́ ọ̀nì lọ. Ní 2020, ìwádìí kan fi hàn pé àwọn ẹranko kékeré kan tí wọ́n ń pè ní lagerpetid, tí kò ní apá fífò rárá, ni ìbátan tó sún mọ́ tẹ́rósọ̀ jù. Ibi tí ìmọ̀ wa ti dúró nìyẹn. Eegun ẹranko tí apá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gùn bọ̀, tí kò tíì lè fò dáadáa, kò tíì sí ẹni tó rí i. Èyí tó pẹ́ jù lára tẹ́rósọ̀ tí a mọ̀, bíi Eudimorphodon ti àríwá Ítálì tí wọ́n fún lórúkọ ní 1973, apá rẹ̀ ti pé, ó ti ń fò. Ẹni tó bá ní òun mọ bí ìka yẹn ṣe gùn láti ìbẹ̀rẹ̀, àbá ló ń dá.

Ó wá kan èyí tó ga tó àgùnfọn. Ní 1971, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Douglas Lawson, rí eegun apá ńlá nínú ilẹ̀ gbígbẹ Big Bend ní Texas. Ní 1975, ó pè é ní Quetzalcoatlus, orúkọ òrìṣà àwọn ará Mẹ́síkò àtijọ́ tó jẹ́ ejò oníyẹ̀ẹ́. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ gbà lónìí ni pé láti ṣóńṣó apá kan dé ìkejì tó mítà 10 sí 11. Ẹ wọn mítà mẹ́wàá fún àwọn ọmọ yẹn ní àgbàlá, kí wọ́n dúró ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ó máa yé wọn ju àwòrán lọ. Ìwọ̀n rẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi í sí kílò 200 sí 250. Ẹnì kan nínú wọn sọ ní 2010 pé ó lé ní kílò 500, pé kò lè fò. Èmi ò gba ìyẹn. Eegun apá ẹranko náà ní ibi gbàgbà tí iṣan fífò ti so mọ́ ọn, ara eegun rẹ̀ tín-ín-rín, inú rẹ̀ sì ṣófo, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹranko tó ti pa fífò tì kì í pa irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ ṣàkíyèsí síbẹ̀ pé eegun apá ni a ní lára ńlá yìí, a ò ní odindi. Gíga tó àgùnfọn yẹn, lára ìbátan rẹ̀ tó kéré sí i ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀.

Bí ohun tó wúwo bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbéra ló jẹ́ ìdí tí kò fi wọ̀ yín létí, ìdí náà sì dára. Ẹyẹ ń fi ẹsẹ̀ fò sókè kó tó lu apá. Iṣan ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́, iṣan apá ń dúró dè é, méjèèjì sì wúwo fún un láti gbé rìn. Ìyẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹyẹ tóbi kọjá ààlà: èyí tó fẹ̀ jù nínú gbogbo ẹyẹ tó ti fò rí, apá rẹ̀ kò ju bíi mítà mẹ́fà sí méje lọ. Tẹ́rósọ̀ ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rìn nílẹ̀. Ipasẹ̀ wọn wà nínú òkúta ní Crayssac ní Faransé, ti ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀, ó ṣe kedere. Ní 2008, Michael Habib, ọmọ Amẹ́ríkà kan, ṣe ìṣirò agbára eegun wọn, ó sì sọ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀ kí wọ́n tó fò, gẹ́gẹ́ bí àdán tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣe lónìí. Iṣan kan náà tó ń lu apá ló ń gbé e kúrò nílẹ̀. Àlàyé yìí tẹ́ mi lọ́rùn ju gbogbo èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, níbi tí wọ́n ti ní ó gbọ́dọ̀ máa bẹ́ láti orí òkè ni, nítorí eegun ọwọ́ wọn lágbára púpọ̀ ju ti ẹsẹ̀ lọ. Nígbà tó bá sì wà nílẹ̀, bí lékeléke ṣe ń tẹ̀lé màálù tó ń ṣa tata ni ẹ̀dá ńlá yìí ṣe ń rìn nínú pápá tó ń ṣa ẹranko wẹ́wẹ́ jẹ, àní ọmọ dáínásọ̀ pàápàá lè wà lára ẹran ìjẹ rẹ̀.

Tí awọ ara rẹ̀ nínú ìwé yẹn bá rí bọ̀rọ́ bíi ti alángbá, ẹ sọ fún wọn pé èyí náà kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1971 tí wọ́n ti kéde tẹ́rósọ̀ kan tó ń jẹ́ Sordes láti Kasakísítánì la ti mọ̀ pé ohun bí irun bo ara tẹ́rósọ̀. Àríyànjiyàn tó kù ni bóyá ohun náà bá ìyẹ́ ẹyẹ tan. Ní 2022, wọ́n kéde tẹ́rósọ̀ kan, Tupandactylus, láti ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Bràsíìlì, tí ìyẹ́ kéékèèké tó ní ẹ̀ka wà nídìí ogbe rẹ̀. Àsìkò tí ẹ̀dá yẹn wà láyé ni ilẹ̀ Bràsíìlì àti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pínyà, òkun tó wà láàárín wọn kò fẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ṣì ń sọ pé okùn inú awọ tó ti rà ni wọ́n ń pè ní ìyẹ́ lára àwọn tẹ́rósọ̀ kan. Ti Bràsíìlì yìí ló mú mi fara mọ́ ẹ̀yìn àwọn tó gbà á ní ìyẹ́. Ẹ má wá tìtorí àṣìṣe wọ̀nyí ju ìwé náà nù. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà.

Ó ku fídíò WhatsApp. Tẹ́rósọ̀ kankan kò sí ní Kóńgò. Kò sí eegun tẹ́rósọ̀ kan ṣoṣo nínú ilẹ̀ tó kéré sí mílíọ̀nù ọdún 66, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí eegun wọn nínú ilẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Ohun tí èèyàn lè rí lálẹ́ nínú igbó náà, tí ẹ̀rù á sì bà á, ni àdán ńlá kan tí apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan, akọ rẹ̀ ní orí gígùn bíi ti ẹṣin, ohùn rẹ̀ sì ń dún kíkan. Ìyẹn wà láyé títí dòní, kò sì jẹ́ nǹkan ìbẹ̀rù.

Ọjọ́ tí tẹ́rósọ̀ tán náà ni dáínásọ̀ ńlá tán, nígbà tí òkúta ojú ọ̀run tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá jálu ibi tí wọ́n ń pè ní Chicxulub ní Mẹ́síkò lónìí. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò pé tẹ́rósọ̀ ti ń tán díẹ̀díẹ̀ kó tó dìgbà náà, pé ẹyẹ ti gba ojú ọ̀run lọ́wọ́ wọn. Ní 2018, wọ́n kéde eegun láti ibi ìwakùsà fọ́sífétì ní Mòrókò tó fi hàn pé ó kéré tán ẹ̀yà méje láti ìdílé mẹ́ta ló ṣì wà níbẹ̀ ní ìparí àsìkò yẹn gan-an. Wọn ò ṣàìsàn, wọn ò rẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ti tóbi, ẹ̀dá tó tóbi sì nílò oúnjẹ púpọ̀ lójoojúmọ́, nígbà tí eruku bo oòrùn tí ewéko kú. Ẹyẹ pàápàá kú lọ súà, títí kan ọ̀pọ̀ ìdílé wọn tó ní eyín. Àwọn tó là á já jẹ́ kékeré, ó sì jọ pé ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé, tí wọ́n ń ṣa hóró èso tó ti wà nínú iyẹ̀pẹ̀ jẹ. Lára wọn ni ìran adìẹ tí Kẹ́hìndé ń wí ti wá.